Ìgbẹ́ Adìyẹ, Eérú àti Ìyẹ̀fun Pákó: Ajílẹ̀ Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ìlú Bìní Láyé Bendel

Ní gbogbo ọdún tí ìpínlẹ̀ Bendel fi wà, láti 1976 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n pín in sí Edo àti Delta, ọ̀nà méjì ni oúnjẹ ilẹ̀ ń gbà dé ọgbà ẹ̀fọ́ ní Ìlú Bìní. Ọ̀nà kan ni ti ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, èyí tí ìjọba ń rà wọlé, tí wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù, tí wọ́n sì ń fi àpò pín. Ọ̀nà kejì gba ẹ̀yìnkùlé àwọn oníṣẹ́ mìíràn nínú ìlú kọjá: ìgbẹ́ adìyẹ ń ti ọgbà adìyẹ wá, ìyẹ̀fun pákó ń ti sọ́ọ̀mìlì wá, eérú àti ìdì ẹyìn sì ń ti ibi ìfúnpo wá. Ọ̀nà kejì yìí ni ìrántí yìí dá lé. Òun ló gbé ọgbà ẹ̀fọ́ ró nígbà tí àpò ìjọba kò yọjú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè mọ ìdí tó fi pọ̀ lọ́dún kan, tó sì ṣọ̀wọ́n lọ́dún mìíràn, bí kò bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń da ìdọ̀tí náà nù.

Ilẹ̀ Bìní gan-an ló fa ọ̀rọ̀. Iyanrìn pupa ni, ó jìn, ó rọ ọkọ́ lọ́rùn, omi kì í sì í dágún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan ju 2,000 mìlímítà lọ. Irú òjò bẹ́ẹ̀ máa ń fọ náítírójìn àti pọtásíọ̀mù lọ sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ kò lè dé, ó sì ń sọ ilẹ̀ di kíkan díẹ̀díẹ̀. Amọ̀ tó wà nínú iyanrìn náà kò pọ̀, ìwọ̀nba tó wà kò sì lágbára láti di oúnjẹ mú fún ewéko. Ilẹ̀dú nìkan ló lè ṣe é, ìyẹn ewé, igi àti ìdọ̀tí tó ti jẹrà tó sì ti dà pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí igbó bá dúró, ilẹ̀dú wà. Bí wọ́n bá ṣán igbó tán tí oòrùn rí ojú ilẹ̀, ọdún díẹ̀ ni yóò fi ṣá.

Àwọn Ẹ̀dó ti mọ èyí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ìwé ṣàlàyé rẹ̀. Oko iṣu kì í pẹ́ lójú kan. Wọ́n á ṣán an, wọ́n á sun ún, wọ́n á gbìn ín fún ọdún kan tàbí méjì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó tún padà di igbó. Nínú igbó Okomu, ní ìwọ̀-oòrùn Ìlú Bìní, onímọ̀ nípa igbó kan tó ń jẹ́ E. W. Jones gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, ó sì bá èédú àti àfọ́kù ìkòkò nísàlẹ̀. Igbó tí gbogbo ènìyàn rò pé ọkọ́ kò kàn rí ti jẹ́ ibùgbé àti oko àwọn kan rí. Ó ti sinmi, ó sì ti gba agbára rẹ̀ padà.

Ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀ kì í bá oko lọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, nítòsí ibi tí wọ́n ń da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ohun tí wọ́n gbá nílẹ̀ láàárọ̀ sí. Ewúro àti efínrín tí ọbẹ̀ dúdú Ẹ̀dó kò lè ṣaláìní wà lẹ́bàá ògiri, gbúre sì ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí omi ìfọwọ́ ń ṣàn gbà. Ẹnikẹ́ni kì í ra ohun kan sí i. Ìdílé ń jẹ látinú ilẹ̀, ìdọ̀tí ìdílé sì ń padà sínú ilẹ̀ kan náà. Ètò yìí tó fún ẹ̀fọ́ ilé kan. Kò lè tó fún ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ tà ní ọjà Ọba, ọjà New Benin tàbí ọjà Uselu, nítorí gbogbo ìdì ẹ̀fọ́ tó bá lọ sọ́jà ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ lọ, kì í sì í padà wá.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970s, ìlú kún, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí i, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 sì kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọ Ugbowo. Gbogbo wọn ni yóò jẹ ẹ̀fọ́. Àwọn ọlọ́gbà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ tó wà láìkọ́ kiri: etí odò Ikpoba níbi tí omi wà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà iléeṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbin ugu, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá, àwọn ìyá ọlọ́jà sì ń wá dúnàádúrà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀fọ́ tó kúrò nílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OFN. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko ní àkókò ìsinmi, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin ohun kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì gba ríra ajílẹ̀ wọlé sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń tà á ní owó tó kéré gan-an sí iye tó rà á. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà ẹ̀fọ́ fi kọ́kọ́ fọwọ́ kan ajílẹ̀ NPK àti yúríà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ń yin ìgbẹ́ adìyẹ lónìí fojú kéré ohun tí wọ́n rí nígbà náà. Àpò NPK 15-15-15 tó wọn kìlógíráàmù 50 ní náítírójìn kìlógíráàmù méje àbọ̀ nínú. Àpò yúríà kan ní 23. Láti ìgbà tí Fritz Haber ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ ní Jámánì ní 1909, tí Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé ńlá ní Oppau ní 1913, apá kan tí kò kéré nínú oúnjẹ ayé ló ti ń gba ibẹ̀ wá. Ní Ìlú Bìní, ẹni tó bá wọ́n yúríà díẹ̀ sí ìdí tẹ̀tẹ̀ tó ti ń pọ́n á rí i pé ó tutù yọ̀yọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ó fúyẹ́, kì í rùn, ọmọdé lè gbé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ọpọ́n. Ohun tí kò ṣe ni pé kò fi ilẹ̀dú kankan kún ilẹ̀. Iyanrìn náà wà bó ṣe wà, òjò ńlá kan lè gbé ìdajì ajílẹ̀ náà lọ, yúríà sì tún ń mú kí ilẹ̀ tó ti kan tẹ́lẹ̀ kan sí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìwọ̀n tó ń tó tẹ́lẹ̀ kì í tó mọ́.

Kí wọ́n tilẹ̀ tó dé ibi tí wọ́n á ti máa ṣàròyé nípa ilẹ̀ kíkan ni àpò náà ti di ohun àwárí. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980s, owó láti ra ajílẹ̀ láti òkè òkun dín kù. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà sì jábọ́. Ilé iṣẹ́ NAFCON bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ajílẹ̀ ní Onne lẹ́bàá Port Harcourt ní 1987, láti inú gáàsì ilẹ̀ wa, ìrètí sì pọ̀ lórí rẹ̀; àmọ́ àpò tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù tún ń gba ọwọ́ alágbàtà kọjá kó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ àgbàdo àti ti iṣu ni ètò náà ń wò. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ugu lẹ́tí odò kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé. Nígbà tí ìjọba yọ ẹ̀dínwó náà kúrò pátápátá ní 1997, kò jẹ́ tuntun sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ń ra tirẹ̀ ní owó ọjà.

Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ni ìgbẹ́ adìyẹ. Láti ayé OFN ni títọ́jú adìyẹ ẹlẹ́yin ti gbilẹ̀ ní Ìlú Bìní. Òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyá tó ń tajà, gbogbo wọn ló ń sin díẹ̀ sẹ́yìn ilé. Òwò igi ló sì jẹ́ kó rọrùn fún wọn, nítorí Ìlú Bìní wà láàárín igbó, sọ́ọ̀mìlì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òkìtì ìyẹ̀fun pákó máa ń ga ju orí òrùlé sọ́ọ̀mìlì lọ, ẹni tó bá fẹ́ kó o kàn nílò àpò àti ṣọ́bìrì ni. Àwọn ọlọ́gbà adìyẹ ń tẹ́ ìyẹ̀fun yìí sílẹ̀ nínú ilé adìyẹ. Adìyẹ á máa yàgbẹ́ sí i, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tú u, wọ́n á tún bu tuntun lé e lórí, títí tí wọ́n á fi ta àwọn adìyẹ náà lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́n ilé náà mọ́ ni àwọn ọlọ́gbà ẹ̀fọ́ ń dé pẹ̀lú bárò. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà adìyẹ ń dúpẹ́ pé ẹnìkan bá àwọn kó o. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé owó ni.

Ìyẹ̀fun pákó nìkan, láìsí ìgbẹ́ nínú rẹ̀, ti ba bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Àwọn tó rò pé ohun tó dúdú díẹ̀ tó sì rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ajílẹ̀ ro ó mọ́ ilẹ̀ tààrà, ẹ̀fọ́ wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù inú igi pọ̀ ju náítírójìn rẹ̀ lọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ máa ń gba náítírójìn tó wà nínú ilẹ̀ láti fi ṣe ara tiwọn, ẹ̀fọ́ á sì wà láìrí. Albert Howard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní Indore ní Íńdíà láàárín 1924 sí 1931, kọ́ ayé pé kí wọ́n da ohun líle bí koríko gbígbẹ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran kó tó wọ ilẹ̀; kábọ́ọ̀nù tí kò ju ìlọ́po ọgbọ̀n náítírójìn lọ ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀ òkìtì. Ilé adìyẹ ń da àwọn méjèèjì pọ̀ fún odindi ọdún kan, láìsí ẹni tó ń ṣe ìṣirò.

Síbẹ̀, kì í wọ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tó bá dé. Wọ́n ń kó o jọ sábẹ́ igi tàbí sábẹ́ páànù, kí òjò má baà fọ̀ ọ́, wọ́n á bu omi wọ́n ọn tó bá gbẹ jù, wọ́n á sì máa yí i padà. Láàárín òkìtì tuntun, ooru rẹ̀ lè lé ọwọ́ padà, òórùn amóníà á sì máa ta ojú títí tí omi á fi jáde. Bí wọ́n bá gbé irú èyí sí ìdí ugu kékeré, etí ewé á jó gbẹ bíi pé iná rà á. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ki igi bọ̀ ọ́ tó sì fà á yọ á rí i pé igi náà kò gbóná mọ́. Ìyẹ̀fun pákó tó pupa rúsúrúsú tẹ́lẹ̀ ti di dúdú, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ láàárín ìka, òórùn rẹ̀ sì ti di ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan. Ìgbà náà ni ó tó rò mọ́ ilẹ̀. Àwọn tó ń sin adìyẹ nínú kéèjì ní ìgbẹ́ tó lágbára ju èyí lọ, torí kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀. Ó tutù, ó wúwo, ó sì rùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan gbígbẹ pò ó mọ́.

Ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí sábà máa ń dábàá fún ẹ̀fọ́ ẹlẹ́wé jẹ́ tọ́ọ̀nù 10 sí 20 lórí hẹ́kítà kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà mẹ́wàá, èyí jẹ́ kìlógíráàmù 10 sí 20. Bí ìgbẹ́ gbígbẹ náà bá ní náítírójìn ìpín mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kìlógíráàmù 10 rẹ̀ gbé gíráàmù 300 wá. NPK kìlógíráàmù méjì péré ló ní iye kan náà. Ẹni tó ń gbé e sórí ló mọ ìtumọ̀ ìyàtọ̀ yìí, pàápàá bí bẹ́ẹ̀dì bá wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò Ikpoba. Kì í sì í ṣe gbogbo gíráàmù 300 náà ni ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ ń rí. Nǹkan bí ìdajì ló ń jáde, ìyókù ń dúró de ẹ̀fọ́ tó ń bọ̀. Fún ugu, tí wọ́n ń ká ewé rẹ̀ léraléra fún oṣù púpọ̀, ìdúródeni yìí jẹ́ èrè ńlá. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń fà tu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í rí i jẹ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà fi ń gbin tẹ̀tẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí ohun mìíràn ti kọ́kọ́ jẹ lára rẹ̀.

Àǹfààní mìíràn wà tí àpò oníkẹ́míkà kò ní. Oúnjẹ adìyẹ ẹlẹ́yin kún fún kálísíọ̀mù nítorí èèpo ẹyin, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ jáde, ó ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀dì tó ti gba ìgbẹ́ dáadáa kì í tètè gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn aràn tíntìntín tó ń sọ gbòǹgbò ṣọkọ di kókó-kókó, tí wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ oníyanrìn púpọ̀, kì í rọ́wọ́ mú níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Adìyẹ sì ń lọ ọ̀pọ̀ èso koríko kúnná nínú iwe rẹ̀, nítorí náà ìgbẹ́ rẹ̀ kì í hu koríko bíi ti màlúù àti ewúrẹ́.

Eérú ń wá láti ààrò, láti ilé búrẹ́dì tó ń fi igi dáná àti láti ibi ìfúnpo. Náítírójìn kò sí nínú rẹ̀ rárá, iná ti gbé e lọ, àmọ́ pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù kù níbẹ̀. Eérú ìdì ẹyìn ló lágbára jù nípa ti pọtásíọ̀mù, òun náà ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń wá. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó fọ́n káàkiri tó fún ìdí ewúro kan. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà náà, tó sì ṣì wọ́pọ̀, ni dída eérú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ tútù nínú òkìtì kan náà. Eérú á lé amóníà jáde, òórùn á gba àdúgbò kan, náítírójìn tí wọ́n ń wá á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ ń bu eérú sí bẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n fi ìgbẹ́ sí i.

Ti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀ kò le. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ìlú Bìní ní 1939 tó wá di NIFOR ní 1964, wà nítòsí, ibi ìfúnpo kéékèèké sì wà ní gbogbo abúlé tó yí ìlú ká. Ìdì kan tí ó wúwo ní kìlógíráàmù mẹ́wàá máa ń ṣẹ́ ìdì òfìfo bíi kìlógíráàmù méjì kù. Wọ́n ń tò wọ́n sí ìdí ugu láti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀; ekòló ń wá sábẹ́ wọn, ilẹ̀ kì í gbóná, wọ́n á sì jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ni òkìtì tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ́ jù, nítorí kòkòrò oníwo tó ń jẹ màrìwò ọ̀pẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Níwọ̀n bí gbogbo èyí ti ń ti ọwọ́ oníṣẹ́ mìíràn wá, ohun tó bá ṣe oníṣẹ́ náà ń ṣe ẹ̀fọ́. Ní nǹkan bí 1985, ìjọba fòfin de kíkó àgbàdo wọlé láti òkè òkun, owó oúnjẹ adìyẹ gun òkè, nígbà tí náírà sì jábọ́ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ilé adìyẹ kékeré ti ilẹ̀kùn. Bí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ṣe ń ṣọ̀wọ́n ni ìgbẹ́ adìyẹ náà ń dín kù, ní àkókò kan náà. Ìgbà yìí ló le jù fún àwọn ọlọ́gbà ẹ̀fọ́ Ìlú Bìní, wọ́n sì wá ibòmíràn yíjú sí: ìgbẹ́ màlúù láti ibi ìpẹran, tí agbára rẹ̀ kò tó ti adìyẹ, àti ààtàn ìlú.

Ààtàn ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ààtàn ayé àtijọ́ jẹ́ ewé, èèpo àti eérú, kò sí ìpalára nínú rẹ̀. Ààtàn ìlú ní àwọn ọdún 1980s ti ní bátìrì, ọ̀dà, agolo àti ọ̀rá nínú. Òjé àti kádímíọ̀mù ń ti ibẹ̀ wọ ilẹ̀, wọn kì í jẹrà, ewé sì lè fà wọ́n mu. Ugu tó hù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè tutù ju gbogbo ugu ọjà lọ. Fífọ ewé àti sísè é kò lè yọ òjé tó ti wọ inú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ní ewu tirẹ̀, kòkòrò Salmonella, àmọ́ iná ọbẹ̀ ń pa ìyẹn. Fún ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ ní tútù tí ara rẹ̀ sì ń kan ilẹ̀, òfin Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlo-kẹ́míkà ń bèèrè pé kí ọjọ́ 120 kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n fi ìgbẹ́ tútù sí ilẹ̀ àti ọjọ́ ìkórè.

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe ètò sí ohun tí Ìlú Bìní fi sọ́wọ́ ọlọ́gbà kọ̀ọ̀kan. Ní Kano, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń kó ìdọ̀tí ìlú lọ sí àwọn oko tó yí i ká láti ọjọ́ pípẹ́. Godfrey Nzamujo dá Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ní 1985, níbi tí ìgbẹ́ ẹran, adágún ẹja àti ọgbà ẹ̀fọ́ ti ń bọ́ ara wọn. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wá sí Amukpe lẹ́bàá Sapele, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ Bendel tẹ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn, wọ́n fi ìdọ̀tí ọjà Bódìjà ṣe ajílẹ̀ Pacesetter pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ àjọṣe lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlo-kẹ́míkà ní 2004.

Adìyẹ padà gbérí ní Ìlú Bìní lẹ́yìn àwọn ọdún líle náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn odi ìlú, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀, tí ọgbà kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí wọ́n rí àrùn ẹyẹ H5N1 ní ìpínlẹ̀ Kaduna, èyí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, ìgbẹ́ adìyẹ di ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù láti gbé láti ọgbà kan sí èkejì, torí ó wà lára ohun tó lè gbé àrùn náà kiri. Ẹ̀rù náà rọlẹ̀. Ilé ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ sì ń wọ ìlú báyìí nínú ọkọ̀ akẹ́rù dípò bárò. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréìn gbé owó ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ga káàkiri ayé ní 2022, àwọn tó ń béèrè ìgbẹ́ adìyẹ tún pọ̀ sí i. Àpò rẹ̀ ti ní iye owó tirẹ̀ lọ́jà, iye náà sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú owó àgbàdo tí adìyẹ ń jẹ.